Páálí Tí Awó Kọ̀ Sílẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹyẹ ṣì ń gbé ìlú kan ṣoṣo, dúdú ni awó. Ó dú bí ìdí ìkòkò. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ láti orí títí dé ìrù. Bí oòrùn bá ràn sí i lára, ìyẹ́ rẹ̀ a máa dán, àwọn ẹyẹ yòókù a sì máa wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

Ẹyẹ tí mò ń wí yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun lẹ máa ń lé kiri inú oko tí ọwọ́ yín kì í tó.

Kì í ṣe ẹwà nìkan ni Awó ní, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Òun ló ń ya páálí eré fún gbogbo ìlú.

Eré wo? Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń pè é ní bíńgò, ẹ sì ń pariwo rẹ̀ ní kíláàsì bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ ti ń ta á kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ìyá yín lọ́mọ. Ó-pé ni wọ́n ń pè é. Olúkúlùkù á mú páálí kan tí àwòrán mẹ́sàn-án wà lórí rẹ̀. Ayékòótọ́, àgbà ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká, á ki ẹnu bọ inú kèrègbè, á fa èso kan yọ, á sì pe orúkọ ohun tí wọ́n yà sára èso náà. Bí ohun tó pè bá wà lórí páálí tìrẹ, wàá ti èékánná bọ ẹfun tútù, wàá tẹ̀ ẹ́ lé àwòrán náà lórí. Ẹni tí gbogbo tirẹ̀ bá kọ́kọ́ gba ẹfun á fò sókè, á ké pé, "Ó pé!" Òun ló jẹ ẹ̀bùn ọjọ́ náà.

Páálí wọn kì í kúkú ṣe páálí, èèpo igi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀ kó lè yé wa. Awó á bó èèpo, á gé e kó dọ́gba, á po osùn, á fi ṣóńṣó ẹnu ya àwòrán sí i, á sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú.

Ohun tí ayẹyẹ bá jẹ́ ni Awó ń yà. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ nílé Àdàbà, obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ ni yóò yà. Bí Ẹ̀gà bá ń ṣílé, imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko ni. Lékeléke tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ lẹ́kọ̀ọ́ náà a máa wá bẹ̀ ẹ́.

"Awó, jọ̀ọ́, bá mi ya àwọn kòkòrò. Àwọn ọmọ yìí ò mọ èyí tó ṣeé jẹ yàtọ̀ sí èyí tí í ta ni. Àná ni ọ̀kan tún gbé agbọ́n mì!"

Awó á rẹ́rìn-ín, á sì ya tata, ìrẹ̀, agbọ́n àti àkekèé. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ náà yóò fi mọ gbogbo wọn lórí, nítorí ohun tí eré bá kọ́ ọmọdé, pàṣán kò lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Òfin kan ló so mọ́ iṣẹ́ náà: ẹni tó bá ya páálí kì í ta á. Ojú rẹ̀ ti mọ gbogbo wọn. Kó yà á tán, kó tún wá ta á? A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Òfin yìí kò dun Awó rí. Bí ó bá ti rí àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń fò sókè nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ a dùn bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn.

Àfi ìgbà tí àgbàrá gbé ẹyin rẹ̀ lọ.

Orí ilẹ̀ ni Awó ń yé sí, lábẹ́ koríko. Ní ọdún kan, òjò rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Àgbàrá wọ́ wá láti orí òkè, ó gbá ìtẹ́ àti ẹyin Awó lọ sódò lójú rẹ̀ kòrókòró. Awó sáré tẹ̀ lé e, ó ń ké, ó ń ṣubú, ó ń dìde, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. Kò rí ẹyọ ẹyin kan mú bọ̀.

Adìẹ ló lọ fà á wálé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Adìẹ, ọ̀rẹ́ tí ò ṣeé fi nǹkan kan ṣe pàṣípààrọ̀. Kò sọ fún un pé kó má sunkún. Ó kàn jókòó tì í ni, ó na apá lé e lẹ́yìn.

Nígbà tí ọdún yí po, tí òjò tún ń ṣú bọ̀, Ọ̀kín ọba ẹyẹ kéde àjọ̀dún àkọ́rọ̀.

Ó ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ pé nínú eré lọ́dún yìí, inú àká mi ni yóò ti sàba títí òjò yóò fi dá."

Ariwo sọ. Àká ọba ga lórí òpó, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, koríko rẹ̀ sì nípọn. Àgbàrá kan ò lè dé ibẹ̀.

Awó náà gbọ́. Ẹyin tuntun ti wà nínú rẹ̀, ó ti ń wúwo, kò ní pẹ́ yé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni kò ti lè jẹun dáadáa. Bí ìkùukùu bá ti dúdú, yóò dìde, yóò wo orí òkè. Àká yẹn nìkan ló lè gba ọmọ rẹ̀ là. Òun sì ni kò gbọdọ̀ ta eré náà.

Adìẹ rí i lójú rẹ̀. Kò wí fún un, ó gba ààfin lọ, ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí Awó bá wa ta á lẹ́ẹ̀kan yìí péré. Ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dún tó kọjá. Láti ọjọ́ tó ti ń yà á fún wa, ta ló gbọ́ pé ó ṣe màgòmágó rí?"

Ọ̀kín wo àwọn ìjòyè. Gbogbo wọn ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ jẹ́ kó ta á!"

Ọba ní, "Ó dáa. Kí gbogbo wa kọ́kọ́ mú páálí. Èyí tó bá kù nínú agbọ̀n ni tirẹ̀."

Nígbà tí Adìẹ mú ìròyìn náà délé, Awó dì mọ́ ọn.

Adìẹ ní, "Fọkàn balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Bí tèmi bá pé, tìẹ náà ló pé. A jọ máa wọ inú àká náà ni."

Awó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹyẹ pọ̀ lọ súà nílùú. Àdàbà ń bẹ níbẹ̀, Ẹ̀gà ń bẹ níbẹ̀, Àparò àti gbogbo ẹbí rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ta ló mọ ẹni tí yóò bọ́ sí lọ́wọ́?

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Awó ti ya páálí kalẹ̀, ohun tí òjò àkọ́kọ́ máa ń mú wá ló yà sí wọn: ìgbín, ekòló, olú, ọ̀pọ̀lọ́, labalábá, ẹrẹ̀, mànàmáná, òṣùmàrè, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n da ojú gbogbo páálí délẹ̀ sínú agbọ̀n. Ayékòótọ́ pò wọ́n pọ̀. Ẹyẹ kan wá, ó mú. Òmíràn wá, ó mú. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù.

Awó ṣí i wò. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ó mọ páálí náà. Òun ló yà kẹ́yìn, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tí osùn ti ń tán nínú ìkarahun. Àwòrán rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ṣá bí aṣọ àlòkù. Èyí tó wá burú jù ni ti àárín rẹ̀. Àgbàrá ni Awó yà síbẹ̀.

Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Nínú gbogbo ìlú, èmi náà ni àgbàrá tún wá bá. Kò sí ire kan nínú páálí yìí."

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Awó da ojú páálí náà délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adìẹ, kò fẹ́ rí i mọ́. Ẹ wò ó, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni o! Òun tí gbogbo ìlú gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀, òun nìkan ni kò gbà á gbọ́.

Ó sì ní ohun kan lábẹ́ ìyẹ́. Ẹni tó ń ya páálí kì í lọ sóde láìmú òfìfo kan dání, nítorí páálí ẹnìkan lè ṣẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Òfìfo náà wà lábẹ́ apá rẹ̀, pẹ̀lú osùn díẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, kò rò ó sí ibi. Èmi gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ó ti pète rẹ̀ láti ilé, kí ó lọ sọ ìtàn tirẹ̀.

Ayékòótọ́ ki ẹnu bọ kèrègbè.

"Ìgbín!"

Awó ki orí bọ abẹ́ apá, ó fi ṣóńṣó ẹnu ya ìgbín sórí òfìfo, ó tẹ ẹfun lé e.

"Olú!"

Ó ya olú, ó tẹ ẹfun lé e.

"Àgbàrá!"

Awó kò lè yà á. Ó jẹ́ kó kọjá.

Báyìí ni Ayékòótọ́ ń pè, tí Awó sì ń yà. Ara rẹ̀ ń gbóná, ẹfun ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Adìẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ki orí bọ abẹ́ apá, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ó rí páálí rẹ̀ nílẹ̀ níbi tó dà á délẹ̀ sí. Àánú ṣe é. Ó ṣí páálí náà sókè, ó tẹ ẹfun sí àwọn tí wọ́n ti pè kọjá, ó sì ń bá a tẹ ìyókù. Yóò tẹ tirẹ̀, yóò tẹ ti Awó. Ti Adìẹ kò lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ti Awó, bí wọ́n bá ti ń pè é ni ẹfun ń balẹ̀ sórí rẹ̀.

"Òṣùmàrè!"

Adìẹ tẹ ẹfun sórí òṣùmàrè. Ó wo páálí náà lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ayọ̀ ti gba ẹnu rẹ̀ kan, ó fẹ́ pè é. Àmọ́ Awó ti fò sókè pẹ̀lú páálí mìíràn lẹ́sẹ̀.

"Ó pé! Ó pé!"

Àwọn ẹyẹ hó yèè. Kò sí ẹni tó jowú. Àdàbà ń sunkún ayọ̀, Ẹ̀gà ń jó. Ayékòótọ́ gba páálí náà, ó ka ohun tó wà lórí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ni òun ti pè. Ó fi sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kín ní, "Awó, àká di tìrẹ. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó yẹ."

Adìẹ ti rọra jókòó lé páálí kejì lórí, ó fi ìyẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ayékòótọ́ dìde pé kí òun ṣáájú wọn lọ sí ibi àká. Bó ṣe kẹ̀yìn sí àwọn èrò ni àwọn ọmọ iléèwé Lékeléke bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ìrù yín! Ìrù yín ti pọ́n!"

Ayékòótọ́ bojú wẹ̀yìn. Ìrù rẹ̀ pọ́n roro. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni ìrù ayékòótọ́ ti pọ́n títí dòní. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn awó ni mò ń sọ.

Ayékòótọ́ mú páálí tó jókòó lé. Ó fi èékánná kàn án, osùn bá a wá.

Ó ní, "Páálí tí oòrùn ti sá gbẹ, báwo ni osùn rẹ̀ ṣe tún tutù?"

Ẹ̀rín dá. Ọba wo Awó.

"Awó, páálí tó o mú nínú agbọ̀n dà?"

Awó yíjú sí ibi tó dà á délẹ̀ sí. Lékeléke ló rí etí páálí lábẹ́ ìyẹ́ Adìẹ.

Ọba ní, "Adìẹ, dìde."

Adìẹ kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí ọba tún un sọ, ó dìde. Páálí náà wà níbẹ̀, ó funfun fún ẹfun. Ayékòótọ́ gbé e, ó kà á: ìgbín, olú, ekòló, ẹrẹ̀, àgbàrá, labalábá, ọ̀pọ̀lọ́, mànàmáná, òṣùmàrè.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kábíyèsí, èyí pé. Èyí tó mú nínú agbọ̀n pé."

Awó ń wò ó bí ẹni tó ń lálàá. "Ta ló tẹ ẹfun sí i?"

Adìẹ ní, "Èmi ni. O ki orí bọ abẹ́ apá. Mo rò pé ẹkún lò ń sun."

Awó wolẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹkún tí kò sun nígbà yẹn, ó wá sun ún báyìí. Àká ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan, tirẹ̀ ni ì bá jẹ́. Gbogbo àgbà ìlú pàdé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Omi lé ròrò sójú Ọ̀kín náà. Ṣùgbọ́n ọba ni, òfin sì wà nílẹ̀. Páálí tí wọ́n bá fi ṣe èrú, ẹfun ni gbogbo ìlú ń tẹ̀ sí i lára, kó má baà wọ agbọ̀n mọ́.

Ó ní, "Lónìí, páálí kọ́ ló ṣe èrú, ẹni tó yà á ni. Ẹ wá tẹ ẹfun yín."

Àwọn ẹyẹ tò kọjá lára Awó. Àparò tẹ ẹfun mọ́ ọn léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ gidi, inú ń bí i. Àdàbà tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sunkún. Kéékèèké ni àwọn ọmọ iléèwé tẹ tiwọn, wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó dé. Ó kan àyà, ó kan ẹ̀yìn, ó kan apá àti ìrù, títí kò fi sí ibi tó kù àfi orí àti ọrùn.

Adìẹ ló kẹ́yìn. Ó ti èékánná bọ ẹfun, ó gbé e sókè dé ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹfun náà fi kán sílẹ̀ tán.

Ó ní, "Mi ò lè ṣe é."

Ọba kò fi ipá mú un. Ó ní, ọwọ́ tó tẹ ẹfun sí páálí òdodo ni kó gba àká. Bẹ́ẹ̀ ni Adìẹ ṣe wọ inú ilé, ṣùgbọ́n kò sí ayọ̀ kankan lójú rẹ̀ bó ti ń gun àkàbà lọ.

Awó lọ sódò, ó wẹ̀, ó fi yanrìn ha ara títí. Ẹfun náà kò kúrò. Ojú tì í láti padà sí ìlú, ó bá gba inú igbó lọ.

Òjò dé. Ní òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn tí àgbàrá ti wọ́ kọjá, Adìẹ ṣí ilẹ̀kùn àká. Ó bá ẹyin lẹ́nu ọ̀nà, ẹyin tí èèpo rẹ̀ le, tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí a fi koríko tútù bò. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Adìẹ wo ọ̀nà igbó fún ìgbà díẹ̀. Ó kó àwọn ẹyin náà mọ́ tirẹ̀, ó sì sàba lé gbogbo wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ara awó ti rí tótòtó, tó sì ti di ẹyẹ igbó. Láti ọjọ́ náà náà ni adìẹ ti ń sàba lé ẹyin awó tí wọ́n bá kó sábẹ́ rẹ̀, láìbéèrè ẹni tó yé e. Yóò pa ẹyin náà, yóò kó àwọn ọmọ jẹ̀. Bí ìyẹ́ wọn bá ti gún, tí wọ́n sì gbọ́ igbe kan láti inú igbó, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á sì lọ. Adìẹ kì í pè wọ́n padà.

Awó a máa dúró dè wọ́n níkángun oko. Ojú ṣì ń tì í, kì í wọ àárín ilé. Yóò fi gbogbo ara pamọ́ sínú koríko, yóò wá na ọrùn tí kò ní àmì sókè, kí Adìẹ lè rí i.